Ìṣẹ́jú Àáyá

Ní Groningen, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta,
yàrá kan wà tí a ṣe bíi pálọ̀ onílé:
àga tìmùtìmù méjì, àwòrán òkun lára ògiri,
òdòdó onírọ́bà tí ẹnikẹ́ni kì í bomi rin.
Kámẹ́rà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.
A máa ń nawọ́ sí wọn kí àlejò tó jókòó;
a kì í ṣe amí.

Wietske gbé agboòrùn tó ń kán wọlé.
Harmen tẹ̀ lé e, ó nu bàtà lẹ́ẹ̀mẹ́ta
bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé àna.
Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti fẹ́ra.
Mo so wáyà mọ́ ìka ìfábẹ̀lá wọn, mo so ó mọ́ àyà,
mo ní, "Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò tíì yanjú.
Ẹ sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."
Wọ́n wo ara wọn.
Ẹnu wọn papọ̀: "Ọkọ̀ náà ni."

Ọkọ̀ ojú omi, onípákó, ọ̀dà rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Harmen tà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan
nígbà tí Wietske wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín.
(Èdè tí mo fi ń kọ èyí a máa fini ṣẹ̀fẹ̀:
ohùn kan péré ló ya ọkọ kúrò lára ọkọ̀.)

Mo wà lẹ́yìn ògiri, níwájú ẹ̀rọ,
mo ń gé wọn sí ìṣẹ́jú àáyá.
Àáyá ṣẹ́jú: Wietske mí kanlẹ̀. Ìbànújẹ́, méjì.
Àáyá ṣẹ́jú: Harmen káwọ́ mọ́ àyà. Àwíjàre, mẹ́ta.
Àáyá kan ṣoṣo tí mo rí rí, ọgbà ẹranko Emmen ni.
Ó tẹjú mọ́ mi. Kò ṣẹ́ ẹ.
Àáyá ṣẹ́jú: Wietske yí ojú sókè, ó wo àjà.

Ibẹ̀ ni èmi àti Feike ti ṣe gbólóhùn asọ̀.
Mo kọ ẹ̀gàn, mẹ́rin.
Feike, ọmọ etí omi Delfzijl, rẹ́rìn-ín:
"Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń yíjú
bí bàbá mi bá ń kọrin nídìí oúnjẹ. Kọ òdo."
A dá fọ́nrán padà lẹ́ẹ̀méjìlá.
Ojú náà ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀,
kò sọ ohun tó rí lájà fún wa.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Tjaarda ní ká gba méjì.
Bí a ṣe dúnàádúrà lórí ojú olójú nìyẹn.

Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, Harmen ní,
"Orúnkún mi kò lè gun ọkọ̀ yẹn mọ́.
N kò fẹ́ kí o máa wò mí bí mo ṣe ń rá wọ inú rẹ̀."
Wietske dákẹ́.
Ìlànà wa ní ká pe ìdákẹ́jẹ́ ní "kò sí nǹkan".
Mo kọ ọ́. Kò sí nǹkan. Lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún.
Ṣùgbọ́n ìlà ọkàn rẹ̀ lójú ẹ̀rọ,
tó ti ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹja inú àwọ̀n,
rọra ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀,
títí tó fi bá ti Harmen rìn ní ẹsẹ̀ kan náà.

"Èèló lo tà á?"
"Ẹgbẹ̀rin Yúrò."
"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ."
Mo kọ àríwísí. Feike kọ ìkẹ́.
A tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà a ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn:
ṣé ẹ ṣì jọ wà? Ẹ fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tí mo ń fẹ́ gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà kaná,
ó bi mí pé báwo ni iṣẹ́.
Mo wo àjà.
N kò mọ iye tó kọ.